Ẹ Má Fi Ìtìjú Wọ Omi: Sí Ẹ̀yin Àbúrò Mi Tó Ń Mòòkùn Lókun Gẹ̀ẹ́sì

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ni ìmòòkùn mi pé 200. Mo kọ ọ́ sínú ìwé bí mo ṣe ń kọ gbogbo wọn: ọkọ̀ James Eagan Layne, etíkun Whitsand, mítà 21, ìṣẹ́jú 38, omi wà ní 16 lórí ìwọ̀n Celsius. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi kì í jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ kan odò Ògùn. Ọmọ ọdún 29 ni mí kí n tó mọ̀wẹ̀, nínú odò àtọwọ́dá kan ní Plymouth níbi tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ti ń wẹ̀ kọjá lára mi. Nítorí náà inú mi dùn sí 200 yẹn, mi ò sì ní fi bò.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lórí ọkọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ló mú mi kọ̀wé. Ọmọkùnrin Yorùbá kan wà láàárín wa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì, ohunkóhun tí wọ́n bá sì bi í, “bẹ́ẹ̀ ni” ló fi ń dáhùn. Mo bi í pé, “Ṣé ara le?” Ó ní, “Ara le, Anti mi.” Àyà mi já. Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn tèmi ni, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, lórí omi kan náà.

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń lé omi kúrò nínú máàsìkì tàbí bí ẹni méjì ṣe ń pín afẹ́fẹ́. Olùkọ́ yín ti ṣe ìyẹn. Ohun tí ìdánwò kì í bèèrè ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́ ni òtútù. Púpọ̀ nínú yín ló kọ́ ìmòòkùn nígbà ìsinmi ní Íjíbítì, níbi tí èèyàn ti lè wọ omi pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Òkun ìhín kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì sí Ìkẹta, nǹkan bí 9 ló máa ń wà; tó bá fi máa dé 16 tàbí 17, oṣù Kẹsàn-án ti ń wọlé. Òtútù máa ń jẹ afẹ́fẹ́ inú silíńdà yín, ó sì máa ń mú ọpọlọ kó tó mú ẹsẹ̀. Ẹni tí òtútù mú kì í mọ̀ pé ìrònú òun ti ń falẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nínú ilé, ẹ dijú, kí ẹ fi ọwọ́ wá gbogbo bọ́tìnì àti fáàfù ara yín títí ọwọ́ yóò fi mọ ọ̀nà.

Ìkejì ni kíkún àti fífà omi. Òkun máa ń kún fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, á sì fà fún nǹkan bíi mẹ́fà, wákàtí kẹta àti ìkẹrin ló sì máa ń sáré jù. Tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ tàbí tó kún, eré náà á tún le sí i. Ẹ ka ìwé ìṣirò omi kí ẹ tó kúrò nílé. Tó bá jẹ́ Chesil Cove ní Portland lẹ ń lọ, ẹ dúró wo ìgbì fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó wọṣọ rárá. Òkúta etíkun yẹn dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀, jíjáde níbẹ̀ sì nira ju wíwọlé lọ.

Ìkẹta ni òjé, ibẹ̀ ni mo sì ń lọ.

Ẹni tó bá ń wọ aṣọ tí omi kì í wọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní dry suit, mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tó wà láàárín aṣọ àti ara ló ń mú òun móoru, òun náà ló sì ń gbé òun léfòó. Bí aṣọ àwọ̀sábẹ́ bá ṣe nípọn tó ni afẹ́fẹ́ tó ń há sínú rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó, òjé tí yóò fa èèyàn wálẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pọ̀ bákan náà. Mo ti kà á nínú ìwé, mo sì ti yege nínú ìdánwò rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, omi wà ní 10. Òtútù ti fojú mi rí màbo, ni mo bá ra aṣọ àwọ̀sábẹ́ tuntun tó nípọn tó méjì ti àtijọ́. Kílò 12 ni òjé mi tẹ́lẹ̀. Kílò 12 náà ni mo gbé wọ ọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ti ń bọ̀. Oorun wákàtí mẹ́ta péré ni mo sùn. Ìgbì gbé ọkọ̀ sókè sódò, mo bì. Nígbà tí mo ń di bẹ́líìtì mọ́ra, ọkàn mi sọ fún mi pé òjé yìí kò tó. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo rántí. Mo tọ ọ̀gá tó ń darí wa lọ, bàbá òyìnbó kan tó ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí ìmòòkùn. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ fi ń pè é. Èmi nìkan ni mò ń pè é ní sà. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó jọ pé òjé mi kò ní tó, ara mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ yá.” Kò wo bẹ́líìtì náà. Ó ní tí mo bá ti wọ omi, ara mi á yá. Àwọn yòókù ti múra tán, ẹ̀rọ ọkọ̀ ń kùn, gbogbo ojú wà lára mi. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀, èmi nìkan sì ni adúláwọ̀. Mo ní, “Ó dáa, sà.”

Ọkọ̀ ẹrù Amẹ́ríkà ni James Eagan Layne. Ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì ló yin tọ́pídò lù ú ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1945. Wọ́n wọ́ ọ wá sí Whitsand, ibẹ̀ ló sì jókòó sí títí dòní. Lọ́jọ́ náà omi ti di àwọ̀ ewé, nítorí àwọn ohun abẹ̀mí wínníwínní máa ń gbilẹ̀ nínú òkun nígbà ìrúwé. Mi ò lè ríran ju mítà mẹ́ta lọ. Síbẹ̀ ó lẹ́wà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹja ń rọ́ gìrìgìrì láàárín egungun irin ọkọ̀ náà, akọ ẹja kan tí wọ́n ń pè ní cuckoo wrasse sì ń tẹ̀lé mi kiri, aláwọ̀ búlúù àti ọsàn. Abo ni irú ẹja bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó di akọ. Mo gbàgbé òjé. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, omi ti tẹ aṣọ mọ́ mi lára, silíńdà sì kún. Gbogbo nǹkan dà bí ẹni pé bàbá yẹn sọ òótọ́.

Ìgbà tí a ń gòkè bọ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Báà 60 ló kù nínú silíńdà mi (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀). Èyí ni kí ẹ fi sọ́kàn: afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n. Ẹni tó bá mí silíńdà lítà 12 láti 230 dé 50 ti dín kù ní bíi kílò méjì àbọ̀, ó sì ti fúyẹ́ ju bó ṣe wọlé lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ inú aṣọ ń wú bí omi ṣe ń dín agbára tó fi ń tẹ̀ ẹ́. Láti mítà 10 dé ojú omi nìkan, ó ń di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí ibi tó sún mọ́ òkè fi léwu ju ìsàlẹ̀ lọ fún ẹni tí òjé rẹ̀ kò tó.

Ní mítà 12, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Mo tẹ fáàfù tó wà ní èjìká òsì, afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde. Mo fẹ́ yíjú wo ìsàlẹ̀, ni afẹ́fẹ́ inú aṣọ bá sá lọ sí ẹsẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ lọ sókè, orí wá sí ìsàlẹ̀. Fáàfù wà ní èjìká, afẹ́fẹ́ wà lẹ́sẹ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe máa pàdé. Ẹnìkejì mi tí a jọ ń mòòkùn di ọwọ́ mi mú títí ó fi rí i pé mo ń gbé òun náà lọ, ó wá jọ̀wọ́ mi. Ohun tó yẹ kó ṣe ló ṣe, mi ò bínú sí i rí. Kọ̀ǹpútà ọwọ́ mi ń han gooro. Mítà 9 tàbí 10 ní ìṣẹ́jú kan ló yẹ kí èèyàn máa gòkè, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5. Èmi gba mítà 12 kọjá kí ìdajì ìṣẹ́jú tó pé, ẹsẹ̀ ló sì kọ́kọ́ yọ. Igbe tí mo ń ké láti ìsàlẹ̀ dé òkè ló gba ẹ̀dọ̀fóró mi là, nítorí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró náà ń wú bí ti inú aṣọ, ẹni tó bá sì ń ké kò lè sé èémí.

Wọ́n fà mí sínú ọkọ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Mo ní, “Ara le.” Ọ́síjìn wà nínú àpótí tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi gan-an. Ẹnikẹ́ni kò gbé e jáde, èmi náà kò sì bèèrè. Kí a tó gúnlẹ̀, ikùn ti ń yún mi, apá òsì ti ń ṣe mí wìnnìwìnnì. Nọ́ọ̀sì ni mí o! Mo mọ̀ pé náítírójìn ló ń hó nínú ara mi, mo mọ̀ pé bends ni, àìsàn tó máa ń mú òmòòkùn tó bá yára gòkè jù. Mo kí gbogbo wọn pé ó dàbọ̀, mo wa mọ́tò mi lọ sílé. Ní aago méjì òru, mi ò lè di ife omi mú. Ilẹ̀ mọ́ kí n tó pe ẹnikẹ́ni.

Wọ́n gbé mi sínú yàrá onírin, wọ́n fún afẹ́fẹ́ ibẹ̀ pọ̀ títí ó fi tẹ ara mi bíi ti mítà 18, mo sì ń fa ọ́síjìn níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 45. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ìrora lọ, ṣùgbọ́n ìka méjì kú tipiri fún oṣù mẹ́jọ. Ìka tí mo fi ń wá iṣan aláìsàn ni.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, bàbá yẹn dìde, ó ní olúkúlùkù ló ni ẹrù òjé tirẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ó kàn yọ ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ ni. Kò sọ pé mo tọ òun wá. Kò pè mí lórí fóònù rí láti béèrè bí ìka mi ṣe ń ṣe. Mo jókòó síbẹ̀, mo tún dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn ló sì ń dùn mí jù. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, ìjà náà kò tíì tán nínú mi.

Ẹ̀yin àbúrò mi, wọ́n tọ́ wa dáadáa. A kì í já àgbà nírọ́, a kì í yájú. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ máa ṣe é lórí ilẹ̀, mi ò ní kí ẹ jáwọ́. Ṣùgbọ́n àgbà yẹn kò sí nínú aṣọ yín. Òun kọ́ ló ni ẹ̀jẹ̀ tí náítírójìn ń hó nínú rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n tiyín náà gbọ́dọ̀ dé orí ọkọ̀. Òfin tí gbogbo òmòòkùn gbà ni pé ẹnikẹ́ni lè fagi lé ìmòòkùn nígbàkúgbà, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bi í ní ìdí. Kí ó tó wọ omi, ó lè sọ pé òun kò lọ. Nínú omi, àtàǹpàkò sókè ti tó, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Wọ́n kọ́ wa ní àmì náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí wọn kò kọ́ wa ni bí ọmọ tí wọ́n tọ́ bíi tiwa yóò ṣe gbé àtàǹpàkò sókè níwájú ẹni tó jù ú lọ.

Ohun kan tún wà tí mi ò sọ níbi ìpàdé yẹn. Ẹ̀rù tó bà mí jù lórí ọkọ̀ kì í ṣe ti omi. Ẹ̀rù kí wọ́n má lọ sọ pé àwa adúláwọ̀ ò mọ omi ni. Mo gbé orúkọ gbogbo wa wọ omi pẹ̀lú kílò 12. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ yóò sọ ọ́, bí ẹ bá wọ omi, bí ẹ ò sì wọ̀ ọ́. Ẹ má fi ìtìjú kárùn nítorí ẹnu rẹ̀.

Ó ku àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn nínú èyí tí mo kọ sílẹ̀, lórí géèjì, lórí okùn àti rọ́bà aláwọ̀ ọsàn tí à ń fẹ́ ránṣẹ́ sókè. Ẹ lè gba àwọn yẹn lọ́wọ́ olùkọ́ yín.

Mo jókòó ti ọmọkùnrin yẹn lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní, “Dá mi lóhùn ní Yorùbá, má fi Gẹ̀ẹ́sì bò ó. Ṣé o fẹ́ wọ omi yìí?” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Rárá, Anti mi. Mi ò fẹ́.” Mo ní kó lọ sọ fún ẹni tó ń darí wa fúnra rẹ̀. Ó lọ. Ẹni náà ní ó dáa, ó sì fún un ní tíì àti kúbùsù. Nígbà tí mo gòkè ní ìṣẹ́jú 38, ọwọ́ ọmọ yẹn ló gba ẹsẹ̀ rọ́bà mi lórí àkàbà. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, èmi àti òun ń lọ sí Firestone Bay, ní etí òkúta níbi tí omi kò ti jìn, láti wọn òjé rẹ̀ nígbà tí silíńdà bá ti kù sí báà 50. Mo ti ní kó kó gbogbo aṣọ àwọ̀sábẹ́ tó ní wá.