Epo inú rectifieuse: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, kí ẹ̀yin àbúrò má baà fi ẹ̀rọ yín kọ́ ọ

Ẹ̀yin àbúrò, ẹ̀yin tí ẹ gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tán, tí ẹ lọ ra rectifieuse, ẹ̀rọ tó ń fi òkúta lọ irin kó pẹrẹsẹ, àlòkù ní Kútọnu, tí ẹ gbé e wá sínú ilé, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ ti mọ bí a ṣe ń de òkúta ìlọ, ẹ mọ bí a ṣe ń fi dáyámọ́ǹdì tọ́ ojú rẹ̀, ẹ mọ bí a ṣe ń gbé irin lé mágínẹ́ẹ̀tì. Èmi kò ní tún ìyẹn sọ. Epo haidirọ́líìkì, epo tó ń ti tábìlì tó gbé irin lọ tó ń tì í bọ̀, ni ọ̀rọ̀ mi, torí pé láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, àṣìṣe kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ ka pátákó ara ẹ̀rọ kí ẹ tó jáde lọ ra epo. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé VG ń sọ bí epo ṣe ki tó ní 40°C: VG 32 ń ṣàn ju VG 46 lọ, VG 46 ń ṣàn ju VG 68 lọ. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ kì í kọ VG, SUS, ìwọ̀n kíki epo tiwọn, ní 100°F ló ń kọ: 150 SUS sún mọ́ VG 32, 215 sún mọ́ VG 46, 315 sún mọ́ VG 68. VG 32 ni ọ̀pọ̀ rectifieuse kékeré ń béèrè. Ooru tiwa ńkọ́? VG 32 tó bá dé 50°C yóò ṣàn bí ohun tí kíki rẹ̀ jẹ́ 21 péré. VG 46 yóò wà ní nǹkan bíi 29. Nítorí náà, bí ìwé ẹ̀rọ bá fàyè gba méjèèjì, ẹ mú 46 ní Àjàṣẹ́. Bó bá ní 32 nìkan, ẹ fi 32 sí i, kí ẹ má dá ọgbọ́n kankan kún un. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí tábìlì máa lọ máa bọ̀ lásán fún ìṣẹ́jú 15 kí òkúta tó kan irin.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ wo ibi tí epo ojú-ọ̀nà tábìlì, ojú irin tí tábìlì ń yọ̀ lórí rẹ̀, ti ń wá. Bó bá jẹ́ táǹkì kan náà ló ń fún písítìnì àti ojú-ọ̀nà lépo, epo tó ní HG lára ni kí ẹ rà. Wọ́n ṣe é kí tábìlì má baà máa dúró-fò, dúró-fò nígbà tó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Bí ojú-ọ̀nà bá ní agolo epo tirẹ̀, VG 68 ti ojú-ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lò níbẹ̀, kí HM tàbí HLP, àmì epo haidirọ́líìkì, sì wà nínú táǹkì. Epo ojú-ọ̀nà máa ń lẹ̀. Ẹ má dà á sínú táǹkì tí kò béèrè rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta, ẹ má fi epo ẹ́ńjìnnì dípò. Ibí ni mo ti fẹ́ pẹ́, torí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀rọ kan wà ní Àjàṣẹ́, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, VG 32 sì wà lára pátákó rẹ̀ gbangba. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní epo ni epo ń jẹ́. Ó ra 15W-40 ti ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì kún táǹkì. Kíki epo yẹn ní 40°C lé ní 100, ó ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí pátákó béèrè lọ. Lọ́jọ́ kìíní, pọ́ǹpù ń ké. Igbe yẹn ni pé ebi epo ń pa á: epo kò kọjá lẹ́nu sẹ́ẹ̀ ìfami, asẹ́ ẹnu páìpù tó ń fa epo, bó ṣe yẹ, òfìfo ń ṣẹ́ inú pọ́ǹpù, ó sì ń jẹ irin rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tábìlì ń falẹ̀. Kàkà kí wọ́n tú epo náà dànù, wọ́n fún fáàfù ìfúnpá mọ́lẹ̀ sí i. Agbára tí kò rọ́nà lọ di ooru, ẹ̀gbẹ́ táǹkì gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lé e.

Táǹkì yẹn wà nínú ìdí ẹ̀rọ gan-an. Irin tí a dà ṣe ìdí ẹ̀rọ ń gùn ní bíi máíkírọ́ọ̀nù (ìdá ẹgbẹ̀rún mm) 11 nínú mítà kan fún ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ gbóná, ó gùn. Òkè tutù, kò gùn tó o. Ojú-ọ̀nà bá tẹ̀. Irin tí wọ́n lọ láàárọ̀ pẹrẹsẹ, èyí tí wọ́n lọ lọ́sàn-án fi 0.02 mm jìn láàárín. Òkúta ìlọ ni wọ́n dá lẹ́bi, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Owó òfò.

Èyí tó burú jù ń bọ̀ lẹ́yìn. Epo ẹ́ńjìnnì ní oògùn ìfọ̀dọ̀tí: iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ká ìdọ̀tí kúrò lára irin, kó gbé e kiri dé fíltà. Rectifieuse yẹn kò ní fíltà tó lè gbà á. Ìdọ̀tí ọdún pípẹ́ tó ti sùn sí ìsàlẹ̀ táǹkì jí, ó lọ há sínú fáàfù tó ń yí tábìlì padà. Tábìlì kọ̀, kò yí, ó sáré gbá òpin. Bí ẹ bá dúró síwájú tábìlì bẹ́ẹ̀, ẹ ó mọ ohun tí irin tó ta kúrò lórí mágínẹ́ẹ̀tì lè ṣe fún ènìyàn. Oògùn yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí omi ya kúrò lára epo. Omi funfun tí a ń tú sórí iṣẹ́ ń jò wọlé, epo haidirọ́líìkì ìbá sì jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ níbi tí a ti lè ṣí i dànù. 15W-40 pò ó mọ́ra títí ó fi dà bí ògì, ìpẹtà sì bẹ̀rẹ̀ nínú táǹkì.

Wọ́n wá fi kpayo fọ̀ ọ́. Epo bẹntiróòlù, nínú ẹ̀rọ tí iná ń ta lẹ́nu òkúta rẹ̀! Wọ́n tan pọ́ǹpù kí kpayo lè yí ká. Bẹntiróòlù kì í yọ̀ bí epo, irin ń fi ara ha irin, pọ́ǹpù bá họ. Rọ́bà sìlíńdà wú. Ẹ̀rọ tó yẹ kó ṣiṣẹ́ dé ọwọ́ ọmọ wọn ni wọ́n tà fún àwọn tó ń ra irin ògbólógbòó. Ẹni tó sọ pé epo ni epo ń jẹ́ ṣì ń kọ́ ọmọ iṣẹ́.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń pààrọ̀ epo. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí epo tó tutù ń fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Ẹ pa iná láti orísun, ẹ ṣí ìdí táǹkì, ẹ jẹ́ kó ro tán. Ẹ ṣí ìdérí ńlá, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kó lẹ́búlẹ́bú irin, kí ẹ fi aṣọ tí kì í tú òwú nu ìyókù. Òwú kan ṣoṣo lè dí fáàfù. Ẹ yọ sẹ́ẹ̀ ìfami, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ láti inú síta, kí ẹ pààrọ̀ fíltà bó bá wà. Epo àtijọ́ ṣì wà nínú sìlíńdà àti páìpù; bí èyí tó jáde bá dúdú tàbí funfun, ẹ da epo tuntun tó jẹ́ VG kan náà sí i, ẹ lò ó fún wákàtí díẹ̀ láìlọ irin, kí ẹ tú u, kí ẹ tó da ti gidi. Ẹ ra ju ohun tí pátákó sọ lọ nígbà náà. Epo inú bidon (kẹ́ẹ̀gì) tuntun pàápàá kò mọ́ tó, ẹ gbà á kọjá fíltà máíkírọ́ọ̀nù 10.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ibi ìtú-afẹ́fẹ́ orí sìlíńdà, kí tábìlì rìn jẹ́ẹ́jẹ́ láti òpin dé òpin títí epo yóò fi máa jáde láìsí ìhó. Ẹ dé ibi ìtú-afẹ́fẹ́ náà padà, kí ẹ tún wo òdiwọ̀n epo, torí yóò ti lọ sílẹ̀.

Bí epo bá funfun lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò. Bó bá mọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, afẹ́fẹ́ ni. Ẹ wá ibi tí páìpù ìfami ti ń fa a. Bó bá funfun síbẹ̀, ẹ kán an sórí irin gbígbóná, lọ́nà jíjìn sí bidon. Bó bá ta pàrà, omi ni. Ẹ wo rọ́bà àti ibi tí omi funfun ti ń jò kí ẹ tó ra epo mìíràn.

Epo ọ̀pá tó ń yí òkúta, ọ̀tọ̀ ni. Bí ọ̀pá yẹn bá ń lo epo, ó sábà máa ń fẹ́ èyí tó ṣàn púpọ̀, VG 10 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má bu ti táǹkì sí i.