Okun fún Hilux: Táyà Ńlá, Eyín Jíà àti Òkè Ọ̀nà Bùnú

Okun o, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Òórùn kílọ́ọ̀ṣì (clutch) mọ́tò tó ń jó kì í kúrò nímú ènìyàn bọ̀rọ̀. Oṣù kẹta ni mo gbọ́ ọ, lórí òkè olókùúta kan lọ́nà abúlé wa ní Bùnú, nílẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, àpò kajú mẹ́wàá wà lẹ́yìn Hilux mi. Jíà kìíní ni mo wà, ẹ́ńjìnnì ń ké, mọ́tò ò lọ. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ti oko bọ̀ ló fi òkúta dí táyà lẹ́yìn, tí wọ́n sì bá mi sọ àpò kajú kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run á san án fún wọn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò tíì pé oṣù kan tí mo ra táyà ńlá nítorí ọ̀nà yẹn gan-an.

Hilux 1996 ni, ẹ́ńjìnnì dísù 2.8, súpríìn ewé (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn) níwájú àti lẹ́yìn. Táyà 235/75R15 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tí mo rà á. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Bùnú lásìkò òjò mọ bí ipa lọ́rì agbégẹdú ṣe máa ń jìn, tí ikùn mọ́tò á jókòó lé àárín ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ á máa yí lásán. Ẹni tó bá fi súpríìn gíga sí i ò tíì yanjú ìyẹn, torí ilé crown àti pinion, ìyẹn jíà ńlá àti kékeré tó ń yí ẹsẹ̀ mọ́tò, tó yọ gọngọ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì kò ní kúrò níbi tó wà. Táyà nìkan ló ń gbé e sókè. Mo bá fi 265/75R16 sí i, pẹ̀lú rìm tókunbọ̀. Táyà àkọ́kọ́ ga ní 73 sẹ̀ǹtímítà àti díẹ̀, èyí ga ní 80. Ìdajì ìyàtọ̀ yẹn, bíi 3.5 sẹ̀ǹtímítà, ni ikùn náà fi kúrò nílẹ̀ sí i. Lọ́nà oko, ìyẹn lè tó láti gbà wá lọ́wọ́ ṣọ́bìrì.

Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí táyà náà gbà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Bàbá tó ń tún mọ́tò ṣe fún mi ní Kàbà ló là mí lójú, nígbà tí wọ́n fa Hilux dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì tó ti jó di eérú.

"O wọ bàtà ńlá fún un, o ò sì tún ìṣísẹ̀ rẹ̀ ṣe," ló wí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára pùròpẹ́là, ọ̀pá gígùn tó ń yí lábẹ́ mọ́tò, ó sì fa ìlà sílẹ̀ níbi tí táyà tẹ̀. Ó ní kí àwa mẹ́ta rọra ti mọ́tò, kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa wo àmì náà. Nígbà tí pùròpẹ́là yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ké pé ká dúró. Bàbá wọn ilẹ̀: 62 sẹ̀ǹtímítà. Ó dá táyà àtijọ́ padà, a tún ti mọ́tò: 56. Mo dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì kan náà, okun kan náà, àmọ́ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan mo ti ní kó máa gbé ẹrù lọ jìnnà ju bí wọ́n ṣe dá a lọ, kó sì tún gun òkè.

Crown tó wà nínú rẹ̀ ní eyín 41, pinion ní 10. Bàbá ní ká wá oní-41 àti 9. Tí pùròpẹ́là bá yí lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìyẹn, mọ́tò á lọ 55 sẹ̀ǹtímítà lórí táyà ńlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àtijọ́ dọ́gba. Iwájú àti ẹ̀yìn ló sì gbọ́dọ̀ yí papọ̀, torí fóò-wíìlì (mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀) tí eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ bá yàtọ̀, ńṣe ni wọ́n á máa fa ara wọn títí nǹkan á fi kán.

Ibí yìí ni mo ti mọyì sùúrù àgbà. Méjì la ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Èkó. Nígbà tí wọ́n dé, Bàbá ò gba ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á gbọ́. Ó sàmì sí eyín kan, ó ń fi àtàńpàkò ti crown, ó ń kà á jẹ́jẹ́, òróró dúdú ń ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ti ẹ̀yìn pé: 41 àti 9. Ti iwájú, ó kà á dé 43, ó tún un kà, 43 náà ni, pẹ̀lú pinion oní-10. Ká ní a ti kàn án mọ́ ọn ni! Ẹni tó tà á kọ́kọ́ jà, ó padà pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ lórí ìyẹn.

Ọjọ́ tó ń tò ó, ó fi ọ̀dà pupa díẹ̀ ra eyín crown, ó yí i, ó wo ibi tí pinion ti nu ọ̀dà náà kúrò. Ó wà létí jù. Ó tú u, ó fi irin pẹlẹbẹ kan tó fẹ́lẹ́ bí ìwé há a lábẹ́, ó tún yí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe bẹ́ẹ̀, kí ojú ibi tó nù tó bọ́ sí àárín eyín. Ó ní kí n má gbé ẹrù fún 800 kìlómítà àkọ́kọ́, kí n sì pààrọ̀ jíà ọ́ìlì lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ràn. Mo ń lọ Ìyàrá, mo ń bọ̀, mọ́tò ṣófo. A tún gé etí fẹ́ńdà iwájú tí táyà ń họ nígbà tí mo bá yí ọwọ́ dé òpin. Owó tí mo ná lórí eyín ju ti táyà lọ, mi ò sì kábàámọ̀ kọ́bọ̀ kan. Ẹ̀yin tó ń kó kajú, mo bẹ̀ yín, tí owó ò bá tíì tó fún méjèèjì, ẹ fi táyà sílẹ̀ ná. Ẹ̀mí yín ló wà lórí òkè yẹn.

Oṣù kẹsàn-án ni mo padà lọ. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ibi tí ọ̀nà ọlọ́dà tán sí, mo sọ̀kalẹ̀, mo yí hub iwájú méjèèjì sí LOCK kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí ẹsẹ̀ iwájú náà, mo sì dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀ kí ó lè di ẹrẹ̀ mú. Odò kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ òkè ti kún dé àárín rìm. Mo fi igi wọ̀n ọ́n kí n tó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn odò, mo fa ọ̀pá kékeré sí 4L (fóò-wíìlì tó ń rìn jẹ́jẹ́ tó sì lágbára), mo wọ jíà kìíní, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, mi ò tún fọwọ́ kàn án. Hilux ń gòkè bí àgbà tó mọ ibi tó ń lọ. Táyà á wá òkúta, á dì í mú, á gbé ara rẹ̀ lé e. Mo kọjá ibi tí a ti sọ àpò kajú kalẹ̀. Òkúta tí àwọn ọmọkùnrin yẹn fi dí táyà ṣì wà létí ọ̀nà.

Màmá mi gbọ́ ìró mọ́tò kí n tó yọ. Wọ́n ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Okun o, ọmọ mi. Ṣé wọ́n tún fà ọ́ wá ni?" Mo ní, "Rárá o, Màmá, èmi ni mo wà á dé."

Ogójì iṣu tuntun ni wọ́n kó sí i fún mi lọ́jọ́ kejì, tòun ti ọ̀pọ̀ ewé. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, torí táyà ńlá máa ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ búréèkì. Mo padà sí 4L, mo mú ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun gbogbo. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló di mọ́tò mú, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí òkúta tútù. Mò ń gbọ́ iṣu tó ń kan ara wọn lẹ́yìn. Òórùn ẹrẹ̀ àti ti ewé tútù nìkan ló ń wọlé, títí a fi dé etí odò.