Ògiri Alhaji

Alhaji kan ń kọ́ gbọ̀ngàn ayẹyẹ sí apá Òkè-Fìà níbí l'Óṣogbo. Ó ti rí àwọn ògiri tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà tiwa, àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi sìmẹ́ǹtì mọ sí Igbó Ọ̀ṣun, tó ń tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún láìní igun. Ó ní irú ẹ̀ lòun fẹ́.

"Ṣùgbọ́n Akítẹ́ẹ̀tì, mi ò fẹ́ ohun tó jọ òrìṣà o. Títẹ̀ yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ mú."

Ògiri gbọọrọ kì í yọ èèyàn lẹ́nu nínú Revit, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ya ilé. Èyí tó bá tẹ̀ lọ̀ràn. Ni mo bá gbé e lọ sínú Rhino, ètò míì tí wọ́n fi ń ya ohun tó bá tẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu: fa ìlà kan sísàlẹ̀, fa òmíràn sókè rẹ̀, ní kó loft, á ta awọ bo gbogbo wọn. Àmọ́ tí ìlà kan bá kọjú sósì, tí ìyókù kọjú sọ́tùn-ún, awọ ọ̀hún á lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún. Tèmi lọ́. Mo yí ìlà náà padà, ó gún. Mo wá gé fèrèsé róbótó méjì sókè, mo mú ìsàlẹ̀ yọ síta díẹ̀ kó ṣíji bo ẹnu ọ̀nà.

Alhaji àti bíríkìlà rẹ̀ dé. Alhaji wo ògiri. Ògiri wo Alhaji.

"A'ùsù billáhi! Ta nìyí?"

"Fèrèsé ni, Alhaji. Ẹnu ọ̀nà sì rèé."

"Ẹnu ni mo rí, mi ò rí ọ̀nà."

Bíríkìlà fẹ́ bá mi tún un ṣe: "Ẹ gbé fèrèsé wálẹ̀, kẹ́ ẹ fà wọ́n súnmọ́ra, kò ní jojú mọ́."

Mo dí ihò àkọ́kọ́, mo gé òmíràn sísàlẹ̀. Ibẹ̀ wá rí pẹlẹbẹ, mo fi máòsì fà á síta díẹ̀. Rhino ò sì mọ díẹ̀: tó o bá fa ojú kan, gbogbo àdúgbò rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Ó wú roboto, ihò méjì wà níwájú rẹ̀. Àwa mẹ́ta dákẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi tó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn wa ni kò lè pa á mọ́ra.

"Háà! Ẹlẹ́dẹ̀!"

Alhaji ṣí fìlà, ó tún un dé.

"Ẹ bá mi na ògiri yẹn gbọọrọ."

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán kó tó yíjú padà. "Akítẹ́ẹ̀tì, níwọ̀n ìgbà tí kò tẹ̀ mọ́, ẹ máa yọ lára owó yẹn, àbí?"