Land Rover Bàbá àti Range Rover Bọ̀ọ̀dá lọ́nà Àkànràn

Ní Sátidé tó kọjá, mọ́tò méjì ló gbé wa kúrò ní Bódìjà lọ sí oko kòkó, lọ́nà Àkànràn. Land Rover Series III ni ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá. Wọ́n ti ń wà á kí n tó gbọ́njú. Range Rover tuntun ni ti Bọ̀ọ̀dá, ọmọ wọn, tí wọ́n wà wá láti Èkó.

Ti Bọ̀ọ̀dá ni mo kọ́kọ́ wọ̀, mo sì gbádùn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró dípò sípíríǹgì onírin, kòtò ò fi bẹ́ẹ̀ dé ara wa. Nígbà tí a kúrò lórí ọ̀dà, Bọ̀ọ̀dá tẹ bọ́tìnì kan, mọ́tò gbéra sókè, òun fúnra rẹ̀ ló wá ń pín agbára fún táyà tó bá nílò rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ṣe é ní ó lè la omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 90 kọjá.

Odò ẹ̀bá abúlé wa kò tó bẹ́ẹ̀, kò ju orúnkún lọ. Síbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá dúró. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n wo ẹrẹ̀, wọ́n wo ẹ̀ka igi tó nà sójú ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ má bínú. Bí iná kan bá tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù yìí, Èkó ni wọn ó ti yẹ̀ ẹ́ wò, owó rẹ̀ á sì pọ̀."

"O ò jẹ̀bi. Gbé e síbẹ̀, kí ẹ wọlé síbí."

Bí gbogbo wa ṣe há sínú Land Rover nìyẹn. Ọ̀pá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá: ti jíà gan-an, ọ̀kan tí orí rẹ̀ pupa, ọ̀kan tí orí rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Wọ́n dúró pátápátá, wọ́n fa pupa sẹ́yìn. Ìyẹn ló so táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, tó sì dín eré kù kí agbára lè pọ̀. A rọra wọ odò, ẹ́ńjìnì ń kùn, ooru ń mú wa, a gòkè ní òdìkejì. Ẹ̀ka kòkó ha á lára gbàràgbàrà, Bàbá ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Mọ́tò tuntun lágbára ju ti àtijọ́ lọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n agbára tí olówó rẹ̀ ń bẹ̀rù àtilò, kí ni yóò ṣe lóko? Range Rover àkọ́kọ́ tó jáde ní 1970 kò rí báyìí. Èèyàn lè fi omi fọ ilẹ̀ inú rẹ̀. Owó tó gun orí rẹ̀ lẹ́yìn náà ló lé e kúrò nínú ẹrẹ̀.

Nígbà tí Land Rover kọ́kọ́ jáde ní 1948, ogun ti jẹ́ kí irin wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bá fi alumíníọ̀mù ṣe ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara ti Bàbá kò fi dípẹtà. Iléeṣẹ́ Leyland tilẹ̀ to irú rẹ̀ pọ̀ ní Ìbàdàn níbí nígbà kan, mẹkáníìkì tó mọ inú rẹ̀ ò sì ṣọ̀wọ́n. Bí nǹkan bá bàjẹ́, Bàbá á wá pátì lọ sí Àráròmí ní Agodi Gate.

Irin ni ṣáṣí rẹ̀, egungun abẹ́ tó gbé ara mọ́tò dúró, ní tirẹ̀, ó sì ti ń jẹra lápá ẹ̀yìn. Bọ̀ọ̀dá wolẹ̀ wò ó kí a tó padà, wọ́n ní àwọn ló máa sanwó wẹ́dà.