Igi ló fi ayé ẹ̀ dúró dè

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi látàárọ̀. Àwọn obìnrin méjì ló ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń fi igi yí abọ́ ní Ìjọkà, l'Ákùúrẹ́, ọ̀kan ń ṣàlàyé mi fún èkejì, wọn ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹni tó ni ibí yìí, igi ló fi ayé ẹ̀ dúró dè." Wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó ẹ̀pa, wọ́n sì lọ.

Òjò rọ̀, NEPA mú iná lọ, mo yọ́ àbẹ́là sójú ìtì gúáfà tó dé lánàá, mo jẹ iyán lọ́sàn-án. Iṣẹ́ òní nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó dùn mí o. Kí ló wá dùn mí ńbẹ̀ ná, ṣé irọ́ ló pa ni? Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùnlé Màámi, ó ti pẹ́ gan-an lórí pẹpẹ. Ẹni tó bá ń kọjá lọ, àpò símẹ́ńtì lásán ló máa rí. Kò mọ̀ pé abọ́ wà nínú ẹ̀, tí mo ti yí lórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí igi ẹ̀ ṣì tutù, tí mo sì jẹ́ kó nípọn dáadáa, torí abọ́ tó bá fẹ̀ tó íǹṣì 10, ara ẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn tó íǹṣì 1 kó tó lọ jókòó gbẹ. Mo da èérún igi náà yí i ká nínú àpò kí atẹ́gùn má ráyè fa omi ẹ̀ lójijì, torí tí ìta bá gbẹ tí inú ṣì tutù, ìta á fẹ́ súnkì, inú ò ní gbà fún un, ibẹ̀ ló máa là sí. Ìdí tí mo ṣe ń bẹ̀rù ọyẹ́ nìyẹn. Ojú ibi tí ayùn ti gé ìtì ní ìbú lomi sì ti máa ń yára jáde jù, ibẹ̀ ni mò ń fi àbẹ́là dí. Ọkàn igi, èmi ò kì í fi sínú abọ́ rárá, mo ti gé e dànù.

Ṣé ìdúró lásán nìyẹn?

Ó dáa, obìnrin yẹn ò bú mi. Tí mo bá rántí ohùn ẹ̀, àánú mi ló ń ṣe é. Àánú yẹn gan-an ló wá burú jù. Àwọn tá a jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ní Oǹdó ti bọ́ sídìí bẹ́ẹ̀dì àti àga, pákó tí wọ́n bá rà láàárọ̀ ní sọ́mì, wọ́n á kàn án lọ́sàn-án, wọ́n á gbowó ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Èmi ò jowú wọn. Àbí mo ń jowú wọn díẹ̀, nígbà tí owó ilé bá ti ń tó san...

Ọ̀gá ò kì í dá ọjọ́ fún oníbàárà. Á gbé abọ́ sétí, á fi ìka kàn án, tí kò bá tíì dún ketekete á dá a padà sínú àpò. Èmi, sìkélì ìyá ẹlẹ́ja yìnyín ni mò ń yá, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun tó wọ̀n sára àpò. Nírọ̀lẹ́ yìí mo gbé abọ́ tó tóbi jù lọ sórí sìkélì, iye tó wọ̀n nígbà tó kọjá náà ló tún wọ̀n! Kò ní omi tó fẹ́ jáde mọ́. Ẹnu ẹ̀ ti gùn bí ẹyin, torí igi ò kì í súnkì bákan náà yípo, ṣùgbọ́n kò là níbì kankan, mo fi ọwọ́ wá a kiri tinú tìta. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pe obìnrin yẹn wá wò ó. Èwo lobìnrin náà gan-an, mi ò rójú ẹ̀.

Lọ́la màá tún un yí, á ṣe roboto padà, màá fi ìda oyin nù ún, kò ní fọwọ́ kan fáníìṣì torí iyán ni wọ́n fẹ́ máa bù sí i. Abọ́ rọ́bà ò wọ́n, òótọ́ ni, èmi náà ń lò ó nílé, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n iyán nínú abọ́ máńgòrò, ẹ jọ̀ọ́.

Kí n wá ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn mi kí n tó sùn, èérún máńgòrò máa ń yún mi lára. Tí iná bá dé kílẹ̀ tó mọ́, mi ò ní tan jẹnẹrétọ̀ rárá.