Omi: Àyẹ̀wò Ọdún 2024 Mi ní Melbourne

Ọdún 2024 ku ọjọ́ mẹ́rin. Owó ilé tó gun òkè, kọ́ọ̀sì tí mo parí, gbogbo wọn wà nínú ìṣirò ọdún yìí, àmọ́ mo fi wọ́n sílẹ̀. Òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta ni kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì máa ń gbà jù. A ní màmá kan níbẹ̀, ará Ítálì, tó ti lé ní 90 ọdún. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé èbúté Station Pier láàárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń ya wọ ìlú yìí lẹ́yìn ogun. Aṣọ ló rán títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nígbà kan. Nígbà tí àrùn ìgbàgbé dé, Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ kó lọ, ó wá ku èdè tí wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní kékeré.

Ní aago méjì òru ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ké. Mo tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe. Mo yẹ aṣọ rẹ̀ wò bóyá ó tutù. Mo po tíì, ó gbọn ọwọ́ mi dànù. Acqua. Acqua. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Kòlóńbíà, tó yọjú. Èdè Sípáníìṣì tirẹ̀ sún mọ́ ti màmá. Ó ní, "Omi ló ń bèèrè." Mo sáré bu omi wá. Màmá mu ún tán láìmí, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ.

Mo wọ yàrá tá à ń kó aṣọ sí, mo sunkún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ń wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ìyẹn ṣì gbọ́ èdè náà díẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ ò gbọ́ rárá. Wọ́n á kàn dúró síwájú ìyá àgbà, wọn ò mọ ohun tí wọn ó sọ. Nígbà tí mo délé láàárọ̀, mo fi Yorùbá ní kí ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, bá mi bu omi wá. Ẹnu mi ló ń wò.

Mi ò lè di ẹ̀bi yìí ru ìlú. Lóòótọ́, òfin 1901 ni Ọsirélíà fi ti ilẹ̀kùn mọ́ irú wa tí a kì í ṣe aláwọ̀ funfun, ó sì di 1973 kí wọ́n tó pa ìlànà náà tì pátápátá. Àmọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin Werribee lónìí, kí n tó dé àdúgbò Footscray, mo ti gbọ́ èdè Vietnam, Punjabi, Lárúbáwá àti Amharic. Ìjọba ní nọ́ńbà ògbufọ̀, 131 450, tí èèyàn lè pè tọ̀sán-tòru. Àwọn Wurundjeri, ọmọ ìbílẹ̀ tó ni ilẹ̀, ipá ni wọ́n fi gba èdè lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sa jọ padà báyìí, irú bíi Birrarung, orúkọ tí wọ́n ń pe odò Yarra. Èmi ńkọ́? Ta ló fi ipá mú mi? Èmi fúnra mi ni mo gbé Yorùbá tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí mo fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ mi já gaara kó tó wọ ilé ìwé. Ó dùn mí gan-an. Ó ṣì ń dùn mí.

Láti oṣù Kẹrin, Yorùbá nìkan là ń sọ nínú ilé. Bá a bá lọ ra iṣu ní Footscray ní Sátidé, òun ló ń kà á sínú àpò: ení, èjì, ẹ̀ta. Ohùn ṣì ń ṣì í lẹ́nu, ọkọ̀ a di ọkọ́, àmọ́ ó ń sọ ọ́. Láàárọ̀, bí aago mẹ́jọ, a máa ń pe ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́; aago mẹ́wàá alẹ́ àná ni lọ́dọ̀ wọn. Ó ti dọ̀bálẹ̀ síwájú fóònù lọ́jọ́ kan kó tó yíjú sí mi: ṣé ẹ káàárọ̀ ni àbí ẹ káalẹ́? Mi ò mọ èyí tí mo máa sọ. Ìyá mi ti gbọ́. Wọ́n ní, "Bí ilẹ̀ bá ṣe mọ́ fún ọ ni kó o fi kí mi, ọkọ mi."

Màmá ará Ítálì sùn ní oṣù Kẹwàá. Kó tó dìgbà náà, mo ti kọ nǹkan bí ogún ọ̀rọ̀ èdè rẹ̀ sórí bébà kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lè gbọ́ ohun tó ń fẹ́. Ọmọ rẹ̀ ní kí n máa mú bébà náà lọ. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, mo kọ tèmi sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní Yorùbá, fún ẹni yòówù tó bá máa tọ́jú mi lọ́jọ́ alẹ́, mo ní kí ọmọ mi kà á sókè. Ó ka omi. Ó ka ebi. Nígbà tó dé orí "òtútù ń mú mi", ó béèrè pé kí ló ń jẹ́ òtútù. Ooru ọjọ́ náà pọ̀, òógùn bo àwa méjèèjì. Mo ṣí fíríìsà, mo ki ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ ọ́.