Skoda mi rèé o!

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọkọ̀ yìí títí lánàá, ó ní, “Kí lo tiẹ̀ ṣe sí i gan-an?” Inú mi dùn dé eékánná! Octavia vRS ni, ìyẹn Octavia tí wọ́n ṣe fún eré sísá, oní-búùtù gígùn, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 2.0 tó ní agbára ẹṣin 184. Gàrí, kúlà ẹja, kẹ̀kẹ́ ọmọ, gbogbo ẹ̀ ló wọ búùtù lítà 610 yẹn. Mo kàn fi sípíríǹgì tó kúrú rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, mo sì lẹ tíńtì, ìyẹn ọ̀rá dúdú, mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Mi ò fọwọ́ kan tiwájú, torí òfin UK ní ó kéré tán, ìdá 70 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú gíláàsì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ kọjá. Mo ti sọ ohun tí mo ṣe sí ọkọ̀ náà fún àwọn adójútòfò mi. Bíréèkì ló kàn.